Àṣẹ Tí Dọ̀tun Kò Gbà Padà

Qonitah ni wọ́n ṣẹ̀, òun àti Àdíját ọmọ rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ní Igando. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fò ó. Ẹ kà á dé òpin, torí pé ọwọ́ ọmọlúàbí ni ibi yìí ti jáde, kì í ṣe ọwọ́ olè.

1.

Olúwadọ̀tun ni ọmọlúàbí ọ̀hún. Ayàwòrán ni, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, gbogbo Igando ló sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó fi ń gba oníbàárà mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ni áàpù kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà á jókòó síbẹ̀, á tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, áàpù náà á sì fúnra rẹ̀ gbé fọ́tò náà sórí péèjì oníbàárà lórí ìkànnì.

Lọ́jọ́ kan, Princess, tó ń ta irun ní Egbeda, tí àwọn tó ń tẹ̀lé e lórí ìkànnì pọ̀ bí eṣú, wá ya fọ́tò ọjà rẹ̀. Fọ́tò náà pọ̀. Bó ṣe tẹ pásíwọ́ọ̀dù tán, áàpù béèrè pé: ṣé kí n máa gbé gbogbo fọ́tò tó bá jáde láti orí kọ̀ǹpútà yìí sórí péèjì yìí, títí ẹ ó fi gba àṣẹ yín padà?

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Princess béèrè.

"Ẹ má dá a lóhùn, àǹtí mi. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń rò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́."

Dọ̀tun fúnra rẹ̀ tẹ "Mo gbà". Nígbà tí Princess lọ, ó pa áàpù náà. Lójú tiẹ̀, ó ti tilẹ̀kùn nìyẹn.

2.

Kò pẹ́ tí Princess fi pè é.

"Dọ̀tun! Ọmọ ta ni jòjòló tó wà lórí péèjì mi yìí? Àwọn èèyàn ń kí mi kú ewu ọmọ o, èmi tí mi ò tíì lọ́kọ!"

Dọ̀tun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ oníbàárà mìíràn ni. "Ẹ kàn ṣe àmín, àǹtí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣeré. Ẹ pa á rẹ́ jàre."

Princess pa á rẹ́. Dọ̀tun kò yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibẹ̀ yẹn gan-an ni Ọlọ́run ti kìlọ̀ fún un.

3.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ilé-ìwé wọlé, Qonitah mú Àdíját wá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun, orúkọ ilé-ìwé wà láyà rẹ̀ gàdàgbà. Fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń sunkún fún, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí wọ́n tó yà á, Qonitah fa Dọ̀tun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá omi gbígbóná gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Bọ̀dá, Abdulganiyy, bàbá ọmọ yìí, ló ṣe é. Ìbàdàn la ti sá wá. Ó ní tóun bá tún rí wa, kì í ṣe apá lòun máa dà á sí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò yìí ò gbọdọ̀ dé orí ìkànnì kankan. Ẹ kàn bá mi tẹ̀ ẹ́ síwèé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí. Èmi pẹ̀lú yín nìkan la máa mọ̀ ọ́n."

Kò purọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ó tún fọ́tò náà ṣe, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi fún wọn. Àdíját dì í mọ́ àyà, ó ń fò fẹ̀rẹ̀ lọ sílé-ìwé.

Kí wọ́n tó sọdá títì, fọ́tò náà ti wà lórí péèjì Princess.

4.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Princess tó ráyè wo péèjì rẹ̀. Obìnrin kan ti kọ̀wé sábẹ́ fọ́tò náà láti àárọ̀: "Haa! Ọmọ bọ̀dá mi tí ìyàwó rẹ̀ gbé sá lọ rèé! Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn."

Nígbà tí Princess pè, Dọ̀tun sáré ṣí áàpù náà. Orúkọ Princess ṣì wà níbẹ̀. Àṣẹ ṣì wà. Ó pe Qonitah.

"Àǹtí, fọ́tò yẹn... ó ti bọ́ síta."

Dọ̀tun gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ń sáré.

"Orúkọ ilé-ìwé wà láyà ọmọ mi," Qonitah ní. "Bọ̀dá, orúkọ ilé-ìwé wà níbẹ̀!"

Àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé náà. Ẹ̀ṣọ́ ń ti géètì.

"Ìyá Àdíját? Bàbá ẹ̀ ti wá mú un. Ó fi fọ́tò ìgbéyàwó yín hàn wá. Ọmọ náà sì jọ ọ́ bí ìmumu. Ṣé kí n ní kí bàbá má mú ọmọ ẹ̀ ni?"

"Ṣé ó sunkún?" Qonitah béèrè.

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ilẹ̀. "Ó sunkún díẹ̀ ṣá. Ó di ẹsẹ̀ mi mú."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó wà nídìí tábìlì kò tilẹ̀ dìde. "Bàbá kì í jí ọmọ ẹ̀ gbé, madam. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ẹ lọ bá àwọn àgbà yín." Qonitah ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá hàn án. Ọkùnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fóònù Abdulganiyy kò lọ mọ́. Dọ̀tun ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Pípa áàpù kọ́ ni gbígba àṣẹ padà. Ẹ má tẹ pásíwọ́ọ̀dù yín sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nítorí pé ẹ ń kánjú. Bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ẹ padà wọ péèjì yín lónìí, ẹ wo gbogbo ohun tí ẹ ti fún láṣẹ, ẹ gbà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ohun tí ẹ ń tẹ "Mo gbà" sí, torí ẹ̀mí ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ ìka yín. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ní ti àgọ́ ọlọ́pàá yẹn, àwa ará Igando ti kọ̀wé sí wọn. A ti lọ dúró síwájú géètì wọn. A tún lọ láàárọ̀ yìí, Qonitah ló ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la bá lọ, kò sì tíì sí ẹni tó dá wa lóhùn:

Ẹ gba Àdíját wá fún ìyá rẹ̀.