Aṣọ Ọjọ́ Ìsinmi

Àárọ̀ Sátidé ni, ní ìlú Selma. Imani ń so okùn bàtà kánfáàsì rẹ̀. Ìwọ́de tako ìwà ọlọ́pàá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

Vernell, ìyá rẹ̀ àgbà, ti múra bí ẹni ń lọ sílé Olúwa: àkẹtẹ̀, ìbọ̀wọ́ funfun, bàtà gíga.

"Eré ìje lo fẹ́ lọ sá ni?" ni màmá bi í. "Aṣọ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n fi ń wọ́de láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá máa tì wọ́n mọ́lé á mọ̀ pé ọmọlúàbí lòun tì."

"Màmá, ẹsẹ̀ á dùn yín o."

"Ẹni tó ń kọrin ìyìn kì í mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má kọsẹ̀."

Imani rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣètò ìwọ́de ti gbé àga sórí pèpéle fún màmá, kó wá sọ bó ṣe wọ́de fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú nígbà èwe rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, màmá dúró.

"Ní kí wọ́n gbé àga yẹn kúrò, ọmọ mi. Lucinda ẹ̀gbọ́n mi ló wọ́de. Èmi tilẹ̀kùn mọ́rí nílé ni."

Imani yíjú sí i. "Ẹ wá fẹ́ lọ lónìí?"

"Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń múra. Di ọwọ́ mi mú, ká máa lọ."