Àpò Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Verna

Verna fi súwẹ́tà olóògbé ọkọ rẹ̀ rán àpò kan, ó so ó kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìdáná, níbi tí ooru sítóòfù lè dé. Rọ́bà omi gbígbóná ló fi ń jẹ́ kí inú rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, Des, ọ̀rẹ́ rẹ̀, máa ń gbé koríko tútù wá fún ọmọ wọ́lábì, àbúrò kàngárúù, tí Verna rán àpò náà fún.

Des ló kọ́kọ́ gbé e wá. Ní erékùṣù Tasmania, ẹni tó bá rí wọ́lábì tí ọkọ̀ pa, a máa sọ̀ kalẹ̀ wo àpò ikùn rẹ̀, bóyá ọmọ wà níbẹ̀. Tó bá wò ó tán, á fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára òkú náà, kí ẹlòmíràn má baà dúró lásán. Gbogbo àràárọ̀ ni Des ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an. Ọmọ tó gbé wá fún Verna kò ju ọmọ ológbò lọ, etí òsì rẹ̀ sì ti ya.

"Ṣé ó jẹun?" Des bi í lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ó jẹun jù ẹ́ lọ. Jókòó, mo ti po tíì."

"Oṣù mélòó ló pé báyìí?"

"Mẹ́sàn-án."

Mẹ́sàn-án náà ni Verna sọ lóṣù tó kọjá. Des ro tíì rẹ̀ títí. "Kò tíì tó padà sígbó nìyẹn."

"Kò tíì tó rárá. Rọra sọ̀rọ̀, baba olóhùn ààrá, o máa jí i."

Wọn kì í yẹ inú àpò wò, nítorí ìjayà lásán lè pa ọmọ wọ́lábì. Des gbé agolo wàrà tó rà fún ọmọ náà sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tí Verna kò tíì ṣí.

"Tó bá padà sígbó," Verna sọ láìwo ojú rẹ̀, "ìwọ náà á sinmi."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí?"

"Orúnkún rẹ ni. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń dún láti ẹnu géètì."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń yà sílé Verna, àfi ti Des. Wọ́lábì àgbà a máa dá jẹ̀, a máa dá sùn, kì í ká a lára. Verna kì í ṣe wọ́lábì.

Nígbà tí Des lọ, Verna yọ rọ́bà omi náà nínú àpò. Rọ́bà náà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́lábì náà ti gba abẹ́ ọgbà jáde, tó kọrí sí òkè, láìwẹ̀yìn. Inú Verna dùn fún un. Ó ń fojú inú rí i tó ń jẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gbé koríko wá sílé tí kò sí ẹran? Ó da omi náà nù, ó ṣan ife méjèèjì.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, Des dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko ti ọ̀la, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú pupa tí òun fúnra rẹ̀ fà sára wọ́lábì kan tí etí òsì rẹ̀ ya, ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn.