Ẹni Tó Ké Ló Ni Ẹja
Ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà ti kú fún òtútù kó tó rí ẹja ńlá náà kó sínú àwọ̀n. Ó jókòó sínú rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á sẹ́yìn lọ sétí adágún, nígbà tí ohùn kan ké:

"Ẹ̀yìn ẹ o, Ìyá Abẹ́rẹ́!"

Ó dúró. Díẹ̀ ló kù kí yìnyín tó mú bí ọ̀bẹ ya rọ́bà náà.

"Marva, o ṣeun! Ẹni tó ké ló ni ẹja."

Marva rẹ́rìn-ín létí adágún. "Èmi tí mò ń mu kọfí jẹ́ẹ́jẹ́ mi? Òtútù ti wọ̀ ẹ́ létí!"

Arden ọ̀rẹ́ wọn nìkan ló máa ń pè é ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí yìnyín ya rọ́bà tirẹ̀ níhìn-ín tó sì rì, kò sẹ́ni tó ké sí i.

Ẹja náà di ti Arden. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò gbà á.