Òkété Búra Pé Òun Ó Rù

Àlọ́ mi gbéra, kò yà sílé Ìjàpá, ẹnu ihò Òkété ló dúró sí.

Òkété sanra títí ó fi jẹ́ pé tipátipá ni ó ń wọ ihò rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé Ajá ọdẹ ń rìn nítòsí, ó búra pé òun kò ní jẹun mọ́ títí òun ó fi rù. Dípò kí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ròyìn ìbúra náà láti ilé dé ilé.

Gbogbo ilé ló ń kí i pé ó káre, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ àlejò síwájú rẹ̀. Ọ̀yà gbé àgbàdo, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ẹyìn.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò jẹun mọ́," ni Òkété ń wí, "ṣùgbọ́n àlejò kì í kọ oúnjẹ onílé. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò." Ni yóò bá dárin:

Ọ̀yà, ṣé mo jẹun?
*Tọ́ ọ wò.*
Àgbàdo tán nínú igbá.
*Tọ́ ọ wò.*
Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ.
*Tọ́ ọ wò.*

Ilé keje ni ó wà tí Ajá fi gbọ́ orin náà, tí ó sì gbá tọ̀ ọ́. Òkété sáré délé. Orí wọ ihò, àyà wọ ihò, ikùn kọ̀.

"Bàbá Ajá, ẹ má jẹ mí," ni ó ń bẹ̀bẹ̀ láti inú ihò. "Mo ti ń rù."

Ajá wo ìdí tó kù níta.

"Ta ló fẹ́ jẹ ọ́?" ni ó wí. "Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ."