Ẹni Tí Mo Bá Buwọ́ Lùwé

Irọ́ tí mo pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn tóbi ju Òkè Olúmọ lọ.

Tísà Àńjọọ́rìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, máa ń kó lẹ́tà tí àwọn èèyàn ńlá Amẹ́ríkà àtijọ́ buwọ́ lù jọ, wọ́n á gbé wọn kọ́ sára ògiri. Ti Ọ̀gágun Sílásì Kóòbù, tó kú sómi láyé ọjọ́un, nìkan ni wọn ò tíì rí. Èmi aláwàdà bá kọ ọ̀kan fúnra mi, mo buwọ́ lù ú lórúkọ rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú tíì, mo yan án lórí èédú bí ẹja kó lè dà bí ìwé àtijọ́, mo gbé e fún wọn.

Mo rò pé a ó jọ rẹ́rìn-ín títí òrùlé á fi ṣí ni. Àmọ́ ńṣe ni wọ́n fi lẹ́tà náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń sunkún. "Àkànjí, oníranù mi, mo lè kú báyìí." Ojú tì mí. Mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ni bàtà tó rin gbingbin bá ń dún bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ọyẹ́ la wà. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo gbé àtùpà, mo ṣí i. Òyìnbó kan dúró nínú kóòtù tó nípọn, omi ń kán lára rẹ̀, ilẹ̀ ò sì tutù.

"Orúkọ bàbá mi lo kọ ṣáájú tèmi," ó wí, Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká.

Lóòótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sí rẹ́jísítà ilé-ìwé wa ni mo ṣe kọ ọ́: Kóòbù Sílásì.

"Àkànjí, ta ló wà níbẹ̀?" Tísà bi mí láti ẹ̀yìn.

Àlejò náà na kálámù tútù sí mi.

"Wá tún un kọ," ó ní, "lójú wọn."