Nọ́ńbà Mẹ́rin Lójú Fíríìjì

Ọkùnrin kan wà tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ pé, "Ó kù díẹ̀." Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe. Kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, ó ti ń sọ fún oníbàárà pé ó ti parí. Bí nǹkan náà kò bá tíì dára, yóò nu ara rẹ̀ kó máa dán, yóò sì dá a padà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn aládùúgbò fi sọ ọ́ ní Ó-ti-parí. Orúkọ náà kò bí i nínú, ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Ìyá rẹ̀ ń bá a gbé. Opó ni màmá náà, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń bá a fínra láti ọdún mẹ́sàn-án. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Oògùn abẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì, nítorí náà inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀mí màmá wà lọ́wọ́ fíríìjì yẹn, kì í ṣe àsọdùn.

Lọ́jọ́ kan, ohun tí ń tan fíríìjì tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ó-ti-parí obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ní kí wọ́n ra òmíràn. Ó-ti-parí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Kọ̀ǹpútà ni màá fi sí i."

Ó ra kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó so wáyà mọ́ ọn, ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń wọn òtútù bọ inú fíríìjì, ó sì lẹ gíláàsì kékeré mọ́ ara ilẹ̀kùn, níbi tí nọ́ńbà yóò ti máa hàn. Bí inú rẹ̀ bá ń gbóná, kọ̀ǹpútà yóò tan ẹ̀rọ. Bí ó bá tutù dé ìwọ̀n mẹ́rin, tó yẹ oògùn màmá, yóò pa á. Èrò gidi ni, ká má purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ ojú ibi tó ti jó wáyà mọ́ irin yẹn kò dúró dáadáa. Nọ́ńbà ń fò kiri: ó di mẹ́rìnlá, ó di méjì, ó tún di ogún. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ló kù. Ṣùgbọ́n ó ti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran lọ́jọ́ Sunday, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó bá kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, mẹ́rin ni kó máa hàn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ dé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun á tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ náà dé, ó kọjá, iṣẹ́ mìíràn sì gba ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá mú ìgò oògùn wá bá a nídìí tábìlì iṣẹ́.

"Ọkọ mi, oògùn mi mà dì gbagidi."

Ó-ti-parí gba ìgò náà, ó yí i wò. Ó mọ̀ pé irin tí kò dúró dáadáa yẹn ni kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pa ẹ̀rọ lásìkò, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kó sọ ọ́.

"Kí ni ojú fíríìjì kọ, Màmá?"

"Mẹ́rin ni."

"Ó dára náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ mú un, á yọ́."

Màmá fi ọwọ́ mú un títí ó fi yọ́, ó sì gún un. Kò mọ̀ pé oògùn yẹn, bó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, agbára rẹ̀ ti lọ. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ tọ̀sántòru. Egbò kékeré tó wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì di dúdú, ó sì ń rà. Nígbà tí aránṣọ béèrè bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, màmá ní, "Àbúrò rẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ṣubú lulẹ̀ ní ilé ìdáná.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ìgò oògùn sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó rí i pé ó ti ṣù.

"Ta ló jẹ́ kí èyí dì?"

Aránṣọ mú àbúrò rẹ̀, wọ́n jọ lọ sí ilé màmá. Ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà yọ nínú fíríìjì, ó sì tì í bọ inú ife tíì gbígbóná. Nọ́ńbà kò yẹ̀. Mẹ́rin ni. Ó yíjú wo àbúrò rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó-ti-parí dọ̀bálẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Ẹ̀mí màmá kò lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Kò ṣépè fún ọmọ rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ọwọ́ mi sọ fún mi pé ó dì. Ẹnu rẹ ni mo gbà gbọ́." Láti ilé ìwòsàn, ilé aránṣọ ló lọ ń gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ó-ti-parí lọ kí i. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ó wo ìta lójú fèrèsé, ó rí i pé ó ti dá, inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan ṣe fún ìyá òun.

"Màmá, òjò ti dá. Ẹ jẹ́ n gbé yín jókòó síta."

Màmá kò wò ó. Ó kọjú sí yàrá kejì, ó sì pe ọmọbìnrin rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, bá mi yọjú síta. Ṣé lóòótọ́ ni òjò ti dá?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ẹni tó bá sọ pé ó kù díẹ̀ ṣì lè tún un ṣe lọ́la. Ìtìjú wà nínú ká kun ojú iṣẹ́ kó lè dùn ún wò, nígbà tí ẹlòmíràn ń fi ẹ̀mí rẹ̀ gbára lé e. Wọ́n lè ra fíríìjì mìíràn, wọ́n sì ti rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́, níbo ni yóò ti rí ìyẹn rà?