Moyinọlá Dáhùn ní Yorùbá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dí títì Kakuri, nílẹ̀ Hausa tí à ń gbé, pa. Wọ́n ní owó ilé-ìwé tí ìjọba sójà fi kún yìí, àwọn ò san.

Mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ fi ewé tútù há iwájú.

Moyinọlá ọmọ mi wà láàárín wọn. Mo ní kó má lọ. Ó ní òun ń bọ̀: "Mama, sai na dawo."

Hausa náà nìyẹn! Mo ń bá a sọ Yorùbá títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, Hausa ló fi ń fèsì. Ìkúnlẹ̀ kí àgbà ńkọ́? Kò jẹ́ ṣe é.

Ìbọn dún lápá Makera, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà. Mo sáré lọ sójú fèrèsé.

Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Moyinọlá ni, ewé tútù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, eékún méjèèjì kanlẹ̀.

"Màámi, ẹ kú ìrọ́jú."

Yorùbá! Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí, wọn kì í kí èèyàn báyẹn lásán. Ta ló kú níbí?"

Ó wọ yàrá lọ.

Débọ̀, ọmọ kíláàsì rẹ̀, já wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti ba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún.

"Màámi, ẹ kú ìrọ́jú. Moyinọlá..."

"Moyinọlá kí ni? Ṣebí ó wà ní yàrá!"

Ohùn ọmọ mi sì jáde láti inú yàrá, ní Yorùbá tó já geere:

"Màámi, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."